Bí Gíà Ọkọ̀ Adédiwúrà Ṣe Dé Ilẹ̀

Wọ́n ní Adédiwúrà gbẹ́ ihò sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ọkọ rẹ̀, ó ri nǹkan dúdú kan mọ́ inú ihò náà, ó fi awọ di ọrùn rẹ̀, ó sì fi orí roboto kan dé e lókè. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà ni orúnkún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ti wú, tí obìnrin náà kò sì lè jókòó níwájú ọkọ̀ mọ́. Láti Ketu títí dé Mile 12 ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ní ará Agboyi kan ló bá a ṣe é, pé orí omi ni wọ́n ti gbé e wá nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n tètè la ọ̀rọ̀ náà. Ihò wà níbẹ̀ lóòótọ́. Nǹkan dúdú wà níbẹ̀. Awọ wà lọ́rùn rẹ̀, orí rẹ̀ sì rí roboto. Gíà ni. Gíà ọkọ̀ lásán, tí gbogbo ayé fi ń wa mọ́tò. Fàsásì mẹkáníìkì ló gbẹ́ ihò náà lọ́sàn-án gangan, ní Ìkòsì, lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá. Orúnkún Àǹtí Dorothy, ẹ̀gbọ́n ọkọ náà, sì ti ń wú kí ó tó kúrò ní Abẹ́òkúta; àpò egbòogi ìpara rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé kí ẹrù rẹ̀ tó wọlé.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí pé ṣé inú burúkú wà nínú ọ̀rọ̀ náà, n kò ní purọ́ fún yín. Ó wà. Ó kún dẹ́nu.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí Adédiwúrà ti ń ta gíà ní Owódé Onírin. Kì í ṣe gíà tuntun o. Àwọn tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti kú ni: ọ̀pá gíà, àpótí gíà, eyín gíà, gbogbo ohun tó bá ṣáà ti jẹ mọ́ gíà. Ìyá Onígíà ni wọ́n ń pè é nínú ọjà. Bí ẹ bá fi aṣọ di ojú rẹ̀, tí ẹ kó ọ̀pá gíà mẹ́wàá lé e lọ́wọ́, yóò sọ irú ọkọ̀ tí wọ́n ti tú ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì sọ èyí tí ìdí rẹ̀ ti jẹ. Ṣùgbọ́n kò mọ ọkọ̀ wà. Òun fúnra rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun dà bí apárí tó ń ta òòyà.

Bartholomew ọkọ rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ilé ìkẹ́rù-sí ló ń ṣọ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú. Ìkòsì ni wọ́n ń gbé. Láràárọ̀, yóò já ìyàwó rẹ̀ sí Owódé Onírin, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn, Olúwadàmọ́lá, wà ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń sùn, ó di ìgbà ìsinmi kó tó wálé.

Ọkọ̀ náà, Pijó stéṣọ̀n àtijọ́ ni, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọrùn sítíárìn ni gíà rẹ̀ wà, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yọ síta bí ẹsẹ̀ ẹṣú. Nítorí pé kò sí gíà nílẹ̀, àga iwájú rẹ̀ lọ gbọọrọ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, èèyàn mẹ́ta sì ń jókòó síbẹ̀: awakọ̀, ẹni àárín, àti ẹni ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Adédiwúrà ni ẹni àárín. Àpò rẹ̀ ló ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bí ẹni pé òun náà sanwó.

Kí ló dé tí obìnrin fi máa fi ojú fèrèsé sílẹ̀, tí yóò lọ há ara rẹ̀ mọ́ àárín? Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Bartholomew kì í sọ̀rọ̀. Ẹ bá a nílé, "ẹ káàárọ̀" àti "oúnjẹ ti dùn" ni gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Bí ẹ bá wò ó lójú pẹ́nrẹ́n, ẹnu rẹ̀ á tún há sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di sítíárìn mú, tí ojú rẹ̀ wà lọ́nà, tí ẹnikẹ́ni kò wò ó, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí omi ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Inú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ti fún ọmọ wọn lórúkọ. Inú rẹ̀ ló ti sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe kú. Inú rẹ̀ náà ló ti sọ fún Adédiwúrà pé òun fẹ́ràn rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, nígbà tí tírélà kan tó kó àlùbọ́sà dí wọn lọ́nà ní Mile 12. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló fọn fèrè.

Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ariwo ẹ́ńjìnnì sì pọ̀. Àfi ẹni tó bá jókòó ní àárín, tí ejìká rẹ̀ kan tirẹ̀, ló lè gbọ́ ọ.

Ní ọdún 2003 ni Àǹtí Dorothy dé. Òun ni ẹ̀gbọ́n Bartholomew. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni kó tó fẹ̀yìntì ní Abẹ́òkúta, ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan tí kò jìnnà sí Owódé Onírin sì ní kó wá bá àwọn bójú tó ọmọ. Ó kó wá sí ilé àbúrò rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jọ jáde sídìí ọkọ̀. Bí Adédiwúrà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kó lè wọlé, ọwọ́ kan fà á lápá aṣọ.

"Ìyàwó, dúró ná. Èmi ni mo máa jókòó láàárín. Atẹ́gùn ojú fèrèsé kì í bá mi lára mu."

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n yí gíláàsì sókè fún yín."

"Kí ooru wá pa mí? Yàgò, jàre. Kí gèlè tí mo wé yìí má tàn ẹ́ jẹ. Ọkọ rẹ ni mí."

Òótọ́ ló sọ. Nílẹ̀ wa, ẹnikẹ́ni tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ obìnrin, ìbáà jẹ́ ọmọ tí ń rákò. Ìyàwó kì í sọ fún ọkọ pé dìde. Adédiwúrà kúnlẹ̀, ó ní ẹ má bínú, ma, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú àpò rẹ̀ lórí itan.

Kò tó oṣù kan, ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà tún di ìjà. Àǹtí Dorothy kì í wọ nǹkan mìíràn ju bùláòsì funfun lọ. Ó fi ìka méjì gbé etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní, "Wo gírísì. Irin tó ò ń tà yẹn ti wọ̀ ẹ́ lára. Bọ́ sẹ́yìn, kó o máa bá àwọn irin ẹ ṣeré."

Adédiwúrà wo ọkọ rẹ̀. Bartholomew ń wo ojú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kò tíì kúrò lójú kan.

Ó bọ́ sẹ́yìn. Láti ibẹ̀, láàárín àpótí gíà àti àpò ọ̀pá gíà, ó ń rí ojú ọkọ rẹ̀ nínú dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn. Ó ń rí i bí ètè rẹ̀ ṣe ń lọ. Ọ̀rọ̀ ń jáde, kò gbọ́ ẹyọ kan. Orí Àǹtí Dorothy ló ń mì ní tìrẹ̀, hùn ún, hùn ún, bí ẹni tó ń jẹ nǹkan aládùn. Odidi oṣù méje ló fi ń wo ètè.

Ó ń kúnlẹ̀ láàárọ̀, ó ń kúnlẹ̀ lálẹ́. Ó ń bu ẹran tó tóbi sí abọ́ Àǹtí. Àwọn èèyàn ń sọ pé ìyàwó yìí mà tutù o. Mo mọ̀ ọ́n, n kò bá wọn sọ ọ́. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń da irin mọ̀ pé irin tó bá ti dákẹ́, tí kò pọ́n mọ́, ìgbà yẹn gan-an ni kí èèyàn má fọwọ́ kàn án.

Ohun tó wá fọ́ ìkòkò ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2004, ní ọjọ́rú kan. Adédiwúrà ti ọjà dé, ó bá Àǹtí Dorothy tó ń di ọṣẹ, tówẹ̀lì àti pijáámà Bartholomew sínú báàgì.

"Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Ibo ni Bàbá Dàmọ́lá ń lọ?"

"Ọsibítù ńkọ́? Ṣebí ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìpá yẹn fún un."

Adédiwúrà ní ìpá wo.

Àǹtí Dorothy gbójú sókè. Ó kọ́kọ́ yà á lẹ́nu, lẹ́yìn náà ni ìyanu náà di ẹ̀rín. "Háà! Kò sọ fún ẹ ni? Ó sọ fún mi nínú mọ́tò. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ní ọjọ́ kejì, ní ọsibítù, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adédiwúrà sáré dé ẹnu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ, nọ́ọ̀sì kan sì na ọwọ́ dí i lọ́nà.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síta. Ìyàwó wọn ti fọwọ́ síwèé."

"Ìyàwó wo?"

Nọ́ọ̀sì fi ìka hàn án. Àǹtí Dorothy jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú bùláòsì funfun, ó gbé báàgì Bartholomew sórí ẹsẹ̀. Ó gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì tún un ṣe.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Wọ́n ní Bartholomew máa lo ọjọ́ mẹ́rin. Adédiwúrà jókòó síta lórí sìmẹ́ńtì, ó ń rò ó. Kò ro ẹ̀pè. Kò ro májèlé. Èèyàn tí òwò rẹ̀ jẹ́ irin, irin ló máa ń rò. Ó ro ibi tí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ti ń jáde: àga yẹn ni. Ìyàwó kò lè sọ fún ọkọ pé dìde, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí irin má sọ ọ́. Bí òun kò bá ní jókòó síbẹ̀, kò ní sí ìdí ẹlòmíràn tí yóò kan ibẹ̀ mọ́ láyé.

Ọjọ́ ẹtì, ó ní kí Fàsásì mẹkáníìkì wá gbé ọkọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ gbé ẹrù gíà wá láti ìsọ̀ rẹ̀: ọ̀pá gíà ilẹ̀, awọ rọ́bà tó ń bo ìdí rẹ̀, àti àpótí àárín tó máa ń wà láàárín àga méjì, èyí tó fẹ̀ jù lọ nínú gbogbo èyí tó ní.

Fàsásì wo ọ̀pá náà, ó wo Adédiwúrà. "Ìyá Onígíà, èyí gùn jù. Ti ọkọ̀ akẹ́rù rèé."

"Ó gùn tó bí mo ṣe fẹ́."

"Ẹ mọ̀ pé ẹ ò ní lè jókòó mẹ́ta níwájú mọ́? Àga yìí máa gé o."

"Fàsásì, mo bẹ̀ ẹ́, kí lo rò pé mo wá ṣe níbí?"

Fàsásì mú irinṣẹ́ rẹ̀. Ó tú gíà ọrùn sítíárìn kúrò, òun àti àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó so mọ́ ọn nísàlẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àwọn irin méjì yẹn a máa há mọ́ra, tí Bartholomew yóò sọ̀kalẹ̀ lójú títì, yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò fi ọwọ́ yà wọ́n bí ìgbà tí wọ́n ń la ewúrẹ́ méjì níjà. Fàsásì ká kápẹ́ẹ̀tì, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gegele àárín ọkọ̀ níbi tí àpótí gíà wà lábẹ́, ó sì gé e. Ìyẹn ni ihò tí ayé ń pariwo. Ó jó irin mọ́ ọn pé kí ọ̀pá náà lè rí ibi dúró, ó gé àwọn irin ìsàlẹ̀ kúrú kí wọ́n lè bá a dé, ó wọlé, ó gbìyànjú rẹ̀: ìkíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin. Ti ẹ̀yìn kò wọlé, ó ń gbá àga. Ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà.

Lẹ́yìn náà ló fi ayùn gé àga gbọọrọ náà sí mẹ́ta. Ó dá apá awakọ̀ àti apá ilẹ̀kùn padà síbi tí wọ́n wà. Ó gbé ègé àárín lọ́wọ́.

"Èyí ńkọ́? Ẹ lè fi ṣe ìjókòó ní ìsọ̀ yín."

"Sun ún."

"Fóòmù tó dáa báyìí?"

"Mo ní kó o sun ún."

Wọ́n da epo sí i lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Adédiwúrà dúró tì í títí tó fi ku sípíríǹgì nìkan. Ọdún mọ́kànlá ló fi jókòó sórí fóòmù yẹn. Èéfín kó sí i lójú, Fàsásì sì ní kó sún sẹ́yìn, kò sún.

Ní ọjọ́ ajé, wọ́n fẹ́ lọ gbé Bartholomew wálé. Fàsásì ló máa wà wọ́n lọ. Àǹtí Dorothy jáde nínú bùláòsì funfun, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ti ìdí wọlé lọ sí àárín bó ṣe máa ń ṣe láìwo ibẹ̀. Àpótí irin yẹn ló pàdé. Orúnkún rẹ̀ gbá ọ̀pá gíà, kò!

"Yé! Orúnkún mi! Kí nìyí?"

"Gíà ni, ma," Adédiwúrà ní, lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ma. Èyí tó wà lọ́rùn tẹ́lẹ̀ máa ń há, dókítà sì ní kí Bàbá Dàmọ́lá má fagbára ṣe nǹkan kan. Mo ní kí wọ́n gbé e wá sílẹ̀."

Àǹtí Dorothy wo gíà. Ó wo ibi tí àga rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ọgbọ̀n ọdún ni, kò sí irú ọgbọ́n tí ọmọdé ta rí tí kò rí ìdí rẹ̀. Orí Adédiwúrà ti ń wú, ìdùnnú ti gùn ún dé ọ̀fun. Ìgbà náà ni Àǹtí Dorothy fi ọwọ́ ra orúnkún, ó gbé ìdí rẹ̀ sún padà, ó sì fi í lé àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dáadáa.

"O ṣé o, ìyàwó. Ó wá ku àga kan ṣoṣo níwájú báyìí. Ta ni àgbà níbí?"

Fàsásì yí ojú sí òdìkejì. Adédiwúrà ti ro gíà, ó ti ro àpótí, ó ti ro àga tó máa jóná, kò ro ipò àgbà. Kó tó gé àga náà, bí ó bá bẹ̀bẹ̀ dáadáa, ìdí rẹ̀ ì bá tún kan ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan. Ní báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ọ̀nà. Ẹ̀yìn ló bá lọ, àárín àwọn irin rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ló fi bú ara rẹ̀ ní inú, ó bú ara rẹ̀ tán, ó padà sórí Àǹtí.

Ọ̀rọ̀ dókítà ló yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ń dá Bartholomew sílẹ̀, dókítà ní kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń pààrọ̀ gíà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ibi tí wọ́n rán má bàa tú.

"Ta ni yóò wá máa wà wá?" Àǹtí Dorothy bèèrè.

"Èmi ni," Adédiwúrà ní.

Bí ẹni pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gbọ́ ọ ní ẹnu ẹlòmíràn. Àǹtí Dorothy rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ? O ò ní pa wá?"

Ẹ gbọ́, gíà ọrùn ni kò jẹ́ kí Adédiwúrà mọ ọkọ̀ wà láti ọjọ́ yìí. Fà á mọ́ra, tì í lọ, gbé e sókè, kò sí àmì kan lára rẹ̀. Bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn ló rí lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ilẹ̀, wọ́n ya ọ̀nà rẹ̀ sórí roboto rẹ̀ lókè. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń ta á, tó ń fi í han oníbàárà pé ìkíní rèé, ìkejì rèé. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni Fàsásì fi kọ́ ọ lórí pápá kan ní Ìkòsì, ó lu ògiri lẹ́ẹ̀kan, ó pa iṣu oníṣu méjì, ó san án.

Ní òwúrọ̀ tí wọ́n máa kọ́kọ́ jáde, ó so pátákó L pupa mọ́ iwájú ọkọ̀, ó so òmíràn mọ́ ẹ̀yìn. Ó jókòó sídìí sítíárìn. Àǹtí Dorothy ti dé ẹnu ilẹ̀kùn iwájú, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú.

"Àǹtí mi," Bartholomew ní. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ lórí ikùn, ìwé òfin ojú ọ̀nà sì wà ní ọwọ́ kejì. "Èmi ni mo máa jókòó síbẹ̀."

"Ìwọ? Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ, kí n wá lọ sẹ́yìn?"

"Òfin ni. Ẹni tó bá ń kọ́ mọ́tò, ẹni tó ní ìwé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Wọ́n kọ ọ́ síbí." Ó sì kà á sókè. Ẹ̀yin náà ẹ rántí pé ilé ìkẹ́rù-sí ni ọkùnrin náà ń ṣọ́. Ohun tí wọ́n bá ti kọ sínú ìwé, ó parí nìyẹn.

Àǹtí Dorothy gba ìwé náà, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó kà á fúnra rẹ̀. Olùkọ́ kì í bá ìwé jà. Ó dá a padà. Ó ká aṣọ sókè, ó wọ ẹ̀yìn lọ, sáàárín ọ̀pá gíà.

"Àǹtí mi, ẹ rọra o," Adédiwúrà ní. "Gírísì wà lára àwọn yẹn."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tí Bartholomew ń sọ kò ju "tẹ̀ ẹ́, tú u, rọra, ó tó" lọ. Ejìká wọn kò kanra mọ́ bíi ti àtijọ́, gíà ló dúró láàárín. Ìyẹn dùn ún, kò sọ pé kò dùn ún. Ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin náà wà lọ́nà, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó, nítorí Adédiwúrà fúnra rẹ̀ kò lè gbójú kúrò lójú títì. Díẹ̀díẹ̀ ni omi ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

Ní òwúrọ̀ òjò kan, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ketu, Bartholomew wo gíláàsì iwájú títí, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ọsibítù yẹn. Ojú ló tì mí. Ibi tó wà lára mi ni kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́ fún ẹ. Má bínú."

Kílọ́ọ̀ṣì bọ́ mọ́ Adédiwúrà lẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ fò lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú sójú títì. Àwọn tó wà lẹ́yìn fọn fèrè lé wọn lórí, wọ́n ń bú ìyá wọn.

Àǹtí Dorothy fa ara síwájú láàárín àwọn irin, ó na ọrùn. "Kí ló sọ? Kí ni Bartholomew ń sọ?"

"Ó ní kí n tẹ bíréèkì ni, ma," Adédiwúrà ní, ó sì ṣáná sí ọkọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé. Ibi tí wọ́n rán jinná. Bartholomew lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mẹ́wàá bó bá wù ú. Adédiwúrà kò gbé sítíárìn sílẹ̀, kò sì lọ gba ìwé àṣẹ. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní kó lọ ṣe ìdánwò, ara rẹ̀ kì í yá, tàbí oníbàárà kan ń bọ̀ láti òkè ọya. Bí òjò bá fọ ọ̀dà pátákó L, yóò tún un kùn. Òótọ́ ni pé bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní Owódé Onírin, Bartholomew ló ń gba ọkọ̀ wà lọ sí Ìkòròdú. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni Àǹtí ti ń sọ̀ kalẹ̀, àga iwájú á sì ṣófo lọ.

Àǹtí Dorothy kò wọ bùláòsì funfun mọ́. Aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ ló ń wọ̀ báyìí. Orúnkún rẹ̀ ti burú sí i. Ní oṣù tó kọjá, nígbà tó ń ti ẹ̀yìn ọkọ̀ jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ há láàárín àpótí gíà méjì. Adédiwúrà kúnlẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ náà yọ, ó fi ọwọ́ nu bàtà rẹ̀. Àǹtí Dorothy di òrùlé ọkọ̀ mú, ó mí kanlẹ̀, ó sì sọ ọ́ láìwò ó lójú:

"Ìyàwó, ẹsẹ̀ yìí ò gba ẹ̀yìn mọ́. Jọ̀ọ́. Ìgbà wo lo máa mọ mọ́tò gan-an?"

Gbogbo ọdún tí wọ́n jọ gbé, òun ni "jọ̀ọ́" àkọ́kọ́. Nígbà tí Adédiwúrà sọ ọ́ fún mi ní ìsọ̀ rẹ̀, mo ní ó tó bẹ́ẹ̀, Ìyá Onígíà, àgbàlagbà ti bẹ̀ ẹ́, lọ ṣe ìdánwò yẹn kó o gba ìwé ẹ, kí Bàbá Dàmọ́lá lè máa jókòó síbi tó bá wù ú. Ó ń nu ọ̀pá gíà kan lọ́wọ́. Ó nù ún títí tó fi ń dán, ó gbé e sílẹ̀, ó mú òmíràn.

"Ẹ bá mi gbàdúrà," ó ní. "Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kọ́ ọ. Bí kílọ́ọ̀ṣì yẹn ṣe ń ṣe mí lẹ́sẹ̀ yìí, ó máa tó ọdún mẹ́wàá sí i kí n tó mọ̀ ọ́n."